Ṣé Ẹja Ti Jẹun?

Àwọn tó ń ròyìn àjò máa ń ṣe é bí ẹni pé dandan ni kí ènìyàn kọjá òkun kó tó lè di àlejò. Ẹ má dá wọn lóhùn. Láti Ṣábẹ̀ tí wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, títí dé Òmù-Àrán, kò sí òkun kankan lójú ọ̀nà. Igi èmi kan náà tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí ló wà nínú igbó, erùpẹ̀ pupa kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Yorùbá ni ìyá mi fi bú mi dàgbà, Yorùbá náà ni mo fi ń gbàdúrà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí mo kí obìnrin kan tó ń sun àgbàdo, tí mo sì bi í léèrè ọ̀nà, ṣe ló gbé ọwọ́ kúrò lórí iná, tó ń wò mí lẹ́nu bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó ń kàwé.

"Háà! Ẹ̀yin ará Kútọ́nú gbọ́ Yorùbá báyìí?"

Mi ò gbé Kútọ́nú rí. Mo sọ fún un pé bí Èkó ṣe jìnnà sí wọn ni Kútọ́nú ṣe jìnnà sí wa. Kò gbọ́ èyí tí mo sọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbọ́. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́ ohùn mi. Ẹnì kejì wá, ó gbọ́ ọ, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni mo ti di Kútọ́nú ní Òmù-Àrán, àti fún ọmọdé, àti fún àgbà.

Àwọn ará ilé tèmi náà ti kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, "Nàìjíríà? Àwọn tó ni ín ń sá jáde, ìwọ ń sá wọlé." Ọkọ mi ti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti pín oko kí n tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni oúnjẹ ẹja. Àwọn òyìnbó kan ló kọ́ àwa obìnrin bíi mélòó kan ní Ṣábẹ̀, wọ́n gbẹ́ adágún ẹja fún wa, wọ́n sì ń ya wá ní fọ́tò. A dúró lẹ́bàá omi, a rẹ́rìn-ín, a gbé ẹja sókè. Nígbà tí fọ́tò tó wọn, wọ́n lọ, adágún náà sì gbẹ. Alájàpá kan láti Òmù-Àrán tó máa ń wá ra sóyà lọ́dọ̀ wa ló sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun ní oko ẹja ńlá, kò sì rí ẹni tó mọ oúnjẹ ẹja ṣe. Bí mo ṣe dèrò nìyẹn.

Dádì ni wọ́n ń pe ẹni tó ni oko náà. Èyí ya mí lẹ́nu púpọ̀. Ní tiwa, bàbá ẹni ni à ń pè ní bàbá. Níhìn-ín, ẹni tó bá ti lè lé ọ lẹ́nu iṣẹ́, bàbá rẹ ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni Dádì, Ìlọrin ló ń gbé, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń gbé jíìpù rẹ̀ wá wo àwọn ẹja rẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó mọ ohun tí ẹja ń jẹ. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó mú mi wọ inú àtíbàbà tí a ti ń lọ oúnjẹ ẹja, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí àpò kọ̀ọ̀kan.

"Àrọ̀ kì í ṣe ẹran tí wọ́n ń da ìdọ̀tí fún. Sóyà rèé, kí o yan án dáadáa, torí tútù rẹ̀ máa ń bà wọ́n nínú jẹ́. Kùlíkùlí rèé. Ẹja gbígbẹ lílọ̀ nìyí, òun ló máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè tóbi. Àgbàdo, epo pupa díẹ̀, iyọ̀, fítámì. Láfún ni o máa fi pò ó kó má bàa túká sínú omi. Ṣé o gbọ́? Kí ebi má pa wọ́n o."

"Mo gbọ́, sà."

Ó yíjú sí Múfú, ọmọ ìlú náà tó jẹ́ alábòójútó oko. "Sọ fún un nípa oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́."

Múfú sọ fún mi. Gaàrí ni oúnjẹ tiwa. Wọ́n á wọ̀n ọ́n fún wa lọ́sàn-án, ẹni tó bá fẹ́ ṣúgà á mú tirẹ̀ wá láti ilé.

Gbogbo òwúrọ̀ ni Dádì máa ń pe Múfú láti Ìlọrin. Múfú á gbé fóònù síta kí gbogbo wa lè gbọ́, bíi pé ìwàásù ni.

"Ṣé ẹja ti jẹun?"

"Wọ́n ti jẹun, Dádì."

"Wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa?"

"Dáadáa ni, sà. Wọ́n ń fò sókè."

"Ara gbogbo wọn yá?"

"Ara wọn yá, sà."

Á sì pa fóònù. Kò béèrè wa rí. Sídíkátù tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní àtíbàbà, ọmọ Òmù-Àrán, tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ, á na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń ṣe àmín. "Àǹtí Kútọ́nú, ká ní wọ́n bi mí kí n tó wáyé ni, àrọ̀ ni ǹ bá yàn."

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Sóyà la ó kọ́kọ́ yan nínú agbada ńlá, a ó máa rò ó títí èéfín á fi kún wa lójú. A ó lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ìyókù, a ó fi omi gbígbóná pò ó bí ẹni ń ro ọkà, a ó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń tú u jáde ní wóróworó, a ó sì sá a sórí tápólì. Àwọn tí à ń lọ̀ kúnná fún ọmọ ẹja tún ní wàhálà tiwọn. Nígbà tí mo bá fi máa délé, òórùn ẹja gbígbẹ á ti wọ inú irun mi. Tí mo bá wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ ọjà, àwọn èèyàn á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á wá sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo Yorùbá.

Ìyá mi pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o ń dáná."

"Mo ń dáná lóòótọ́, Ìyá."

"Fún ta ni?"

"Fún ẹja."

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"O kọjá bọ́dà," ó wí níkẹyìn, "torí kí o lè se oúnjẹ fún ẹja? Àwọn tó wà nínú odò Ọ̀pàrà níhìn-ín, ta ló ń dáná fún wọn?"

"Àwọn yẹn ò ní Dádì."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pa fóònù, mo jókòó sórí ibùsùn nínú yàrá tí mo háyà, mo ń gbọ́ bí àwọn onílé mi ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdílé mùsùlùmí ni wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n látilẹ̀, wọn kì í sì í fi oúnjẹ sàráà dù mí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ mi, wọ́n á fi Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sí Ìgbómìnà. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá ìyá mi ló jọ jù nínú gbogbo ohun tí etí mi ti gbọ́ láti ìgbà tí mo ti dé. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní mo rù. Wọ́n ní obìnrin tí kò lọ́kọ tó rìn jìnnà báyìí, ó ní ohun tó ń lé e. Mi ò jáde lọ bá wọn. Ó dùn mọ́ mi pé ibì kan wà lórí ilẹ̀ yìí tí mo ti ń gbọ́ ohun tí wọn ò rò pé mo gbọ́.

Àwọn kan á sọ pé àlejò ń wá ibi tí wọn ó ti gbà á mọ́ra. Èmi ò wá a. Ìgbà tí ènìyàn bá sọ fún mi pé "ọ̀kan náà ni wá", mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀, nítorí ó ti fẹ́ tọrọ nǹkan. Alájàpá tó mú mi wá, ọ̀kan náà ni wá nígbà tó ń ra sóyà wa ní ọ̀pọ̀. Ní Òmù-Àrán, tí mo bá pàdé rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á kí mi lọ́nà jíjìn bí ẹni tó ń kí ọlọ́kadà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sóyà gbówó lórí. Dádì wá, ó kó gbogbo wa jọ sábẹ́ igi, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè sí iwájú orí. Ó ní ìnáwó ti pọ̀ jù, nǹkan kan gbọ́dọ̀ dínkù. Mo ti ń ronú oúnjẹ àwọn ẹja tó ti tóbi, bí a ṣe lè fi àgbàdo kún un díẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn ló ní lọ́kàn. Gaàrí wa ló fẹ́ gé.

"Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀," ó wí. "Ẹja ò lè fara da ebi. Tí ebi bá pa àrọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹnì kejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ní làákàyè."

Òótọ́ ló sọ nípa àrọ̀. Mo ti rí i. Èyí tó bá yára tóbi nínú wọn, tí oúnjẹ kò bá tó o, á gbé àbúrò rẹ̀ mì láti ìrù, á wá máa wẹ̀ kiri pẹ̀lú orí ẹni ẹlẹ́ni lẹ́nu. Mo wo Dádì bó ṣe ń sọ ọ́, ikùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun. Sídíkátù fìgúnpá gún mi. Ó lóyún nígbà náà, ó ti hàn. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́lé fún èèyàn ní Ìlọrin, iṣẹ́ kì í sì í fìgbà gbogbo wà.

Kò pẹ́ tí òòyì fi kọ́ Sídíkátù lójú nídìí agbada. Mo gbá a mú kó má bàa ṣubú sínú sóyà gbígbóná. Múfú sáré wá, ó bu omi fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí Sídíkátù tó bu abọ́ sóyà tútù kan, tó dà á sínú báàgì rẹ̀. Mo yíjú sí ẹ̀rọ. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ọjọ́ tí a ń kó ẹja ni nǹkan dàrú. Àwọn obìnrin tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wa ti wá láti Òmù-Àrán, àwọn kan tún wá láti Òkè-Ọdẹ pẹ̀lú abọ́ ńláńlá lórí ọ̀kadà. Dádì fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí kì í fi ọjọ́ ìwọ̀n ẹja sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Múfú yẹ báàgì àwọn òṣìṣẹ́ wò ní ẹnu ọ̀nà. Nínú ti Sídíkátù, Múfú bá wàrà sóyà nínú ọ̀rá: Sídíkátù ti fi omi sóyà sè é, ó ti dín in, ata díẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ó gbé e wá láti ilé kó lè rí nǹkan fi sẹ́nu lọ́sàn-án.

"Níbo lo ti rí sóyà?" Dádì bi í.

Sídíkátù na ọwọ́ láti gba ọ̀rá rẹ̀ padà.

"Oúnjẹ ẹja mi!" Ó yíjú sí àwọn oníbàárà bí ẹni ń pe ẹlẹ́rìí. "Ẹ wo ohun tí ojú mi ń rí lọ́dọ̀ àwọn èèyàn yìí. Gbé abọ́ kan wá. Da sóyà sí i kó kún. Gbé e lé e lórí. Kó dúró síbẹ̀ lẹ́bàá omi títí a ó fi parí, kí gbogbo ayé mọ olè."

Múfú gbé abọ́ wá. Ó da sóyà sí i, ó gbé e lé Sídíkátù lórí. Sídíkátù dúró nínú oòrùn pẹ̀lú abọ́ lórí àti oyún níwájú, ó ń wo ilẹ̀. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ìyẹn ló gún mi.

"Èmi ni mo fún un," mo wí.

Dádì yíjú. "Ta ni?"

"Èmi ni mo bù ú fún un, sà."

"Ìwọ, Kútọ́nú? Oúnjẹ ẹja mi lo fi ń ṣe sàráà?"

"Ẹ ní kí n rí i pé ó dára. Ẹni tó ń dáná kò ha gbọdọ̀ tọ́ ọbẹ̀ wò ni? Mo ní kó bá mi tọ́ ọ wò."

Àwọn obìnrin kan rẹ́rìn-ín. Ojú Dádì pọ́n. Ó yọ fóònù jáde. "Ó dáa. Màá pe àwọn imigiréṣọ̀n. A ó wo ìwé tí o fi wọ ìlú wa."

Mo ní ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìwé ń jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó má jẹ́ nǹkan kan. Mi ò ṣe akin. Mo dúró síbẹ̀ nítorí mi ò ní ibi tí mo lè sá sí.

Ìyá Kúdí, tó jẹ́ àgbà àwọn tó ń ra ẹja, wà nídìí ìwọ̀n. Ó ti ń ṣa ẹja sínú abọ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Ó dìde, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ní obìnrin yẹn jí?"

"Sóyà, Ìyá. Oúnjẹ ẹja."

"Ó tà á ni?"

"Ó dín in jẹ!"

"Háà." Ó wo ikùn Sídíkátù. Ó wò ó pẹ́, kí gbogbo wa lè rí i pé òun ń wò ó. "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́. Ẹja tí à ń rà yìí, sóyà ni. Wọ́n ní aboyún tó jẹ nínú rẹ̀, olè ni. Tí mo bá gbé e dé ọjà, tí wọ́n bi mí léèrè ohun tí ẹja yìí jẹ tó fi sanra báyìí, ṣé kí n sọ pé oúnjẹ tí wọ́n já gbà lẹ́nu aboyún ni? Èmi ò rà á."

Ó da ẹja abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àrọ̀ ń yí gbiri nínú ẹrẹ̀. Obìnrin tó tẹ̀lé e da tirẹ̀ náà. Kí Dádì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹja ti kún ilẹ̀, wọ́n ń ju ìrù, wọ́n ń wá omi, àwọn obìnrin Òkè-Ọdẹ sì ti ń pe àwọn ọlọ́kadà wọn padà.

Ẹ ò rí Dádì! Ọkùnrin tí kì í bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan tó bá bọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣa ẹja nínú ẹrẹ̀, ẹja sì ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwàdà ni! Ẹ̀yin náà ò mọ àwàdà? Sídíkátù, sọ abọ́ yẹn kalẹ̀, ọmọ mi. Múfú, kí lo ń wò? Gba abọ́ lórí rẹ̀!"

Wọ́n padà ra ẹja náà, ní iye tí wọ́n fẹ́, kì í ṣe iye tí Dádì pè. Kò sí ẹni tó rántí imigiréṣọ̀n mọ́.

Títí di òní, àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí ní Òmù-Àrán máa ń sọ pé aláàánú ni Ìyá Kúdí. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, mo sì ti ń gbọ́ bó ṣe ń ná ẹja lọ́wọ́ Dádì láti àárọ̀ tí Dádì kò gbà. Àánú ti àwọn ènìyàn kan máa ń dé nígbà tí ó bá bá èrè rìn. N kò kórìíra rẹ̀. Èyí tí Dádì ní kò tilẹ̀ tó ìyẹn.

Wọn ò lé mi lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn bíi Dádì kì í fẹ́ kí a rí ọwọ́ wọn. Nígbà tó yá ni Múfú wá bá mi nídìí ẹ̀rọ, tó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Màmá, Dádì ní kí ẹ lọ sinmi."

"Ṣé ó rẹ̀ mí ni?"

"Ó ní kí ẹ sinmi."

Mo bọ́ ìborí mi, mo gbọn ìyẹ̀fun sóyà kúrò lára rẹ̀. Lórí fóònù lálẹ́, ìyá mi ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo bi í léèrè ilé tó ń sọ: ti ẹ̀gbọ́n mi tí ìyàwó rẹ̀ ń ka iye ìgbà tí mo bu ọbẹ̀ ni, àbí oko ọkọ mi tí wọ́n ti pín? Ó ní, "Jẹun dáadáa o." Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ṣábẹ̀.

Sídíkátù ló wá bá mi nínú yàrá mi, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Sídíkátù náà ti fi oko Dádì sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ máa ṣe wàrà sóyà tà, ṣùgbọ́n èérí rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́ kù sínú aṣọ ìsẹ́ pọ̀ jù, ó ń ṣòfò. Mo wò ó. Obìnrin yìí tó ń fi ìgbésí ayé àrọ̀ ṣe àwàdà, ó ti gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ láìmọ̀. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ènìyàn á mu omi sóyà náà, yóò jẹ wàrà rẹ̀. Èérí tó kù ni mo máa ń sá, tí mo ń pò mọ́ kùlíkùlí, àgbàdo àti ẹja gbígbẹ, fún àwọn tó ní adágún kékeré lẹ́yìn ilé. Ènìyàn kọ́kọ́ jẹ, ẹja tẹ̀lé e. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó ránṣẹ́ pè wá ni olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Òwu-Ìsin. Mo gun ọ̀kadà dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, àpò oúnjẹ ẹja lórí itan mi, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ilé kékeré ni, adágún náà sì wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí àwọn àrọ̀ ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu lójú omi, bí ìṣe wọn. Mo kúnlẹ̀ kí n lè tú okùn àpò náà.

"Fi sílẹ̀," bàbá náà wí. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé àwo iyán jáde, ó ń gbé omi ìfọwọ́ bọ̀. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wá jẹun ná."

"Ebi ń pa wọ́n, bàbá."

"Ebi ń pa ìwọ náà. Ẹja kò ní ibì kankan tó ń lọ."

Mo wá ìwọ̀sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti mọ́ mi lára kí n máa wá a. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ojú ìyàwó rẹ̀, mo wo iyán náà tí ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. N kò rí i. Mo jókòó sórí àpótí, mo fọ ọwọ́ mi, mo sì jẹun títí mo fi yó, nígbà tí àwọn àrọ̀ ń la ẹnu nínú omi, tí wọ́n ń dúró dè mí.